Àmì Tí Ó Wà Lábẹ́ Ìbọn Baba Wa

Àwọn àgbà a máa wí pé bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òtítọ́ yóò bá a. Ó di ọdún 27 tí mo ti ń fi òwe yìí kọ́ àwọn ọmọ ní kíláàsì, ṣùgbọ́n èmi kò rò ó rí pé ní ilé tiwa gan-an ni yóò ti ṣẹ. Kí ẹ̀yin òǹkàwé má ṣe ṣì mí gbọ́. Irọ́ tí mo fẹ́ sọ̀rọ̀ rẹ̀ yìí kì í ṣe èyí tí ẹnikẹ́ni jókòó pète rẹ̀. Ẹni tí ó sọ ọ́ gbà á gbọ́, ẹni tí ó gbọ́ ọ gbà á gbọ́. Èmi pẹ̀lú gbà á gbọ́, mo sì fi í yangàn láàárín àwọn ẹgbẹ́ mi láti ìgbà èwe wá.

Ìbọn kan ni gbogbo ọ̀rọ̀ náà dá lé lórí. Ìbọn ẹlẹ́nu méjì ni; ọ̀pá irin rẹ̀ méjèèjì wà ní ẹ̀gbẹ́ ara wọn, ìdí rẹ̀ sì jẹ́ igi pupa tí ọwọ́ àwọn tí ó ti gbé e rí ti mú dán. Lórí ìṣó méjì lókè ilẹ̀kùn pálọ̀ bàbá mi ni ó máa ń wà. Ní ọjọ́ kejì Kérésìmesì, nígbà tí gbogbo ẹbí bá ti pé, bàbá mi a gbé e sọ̀kalẹ̀, a fi òróró nù ún, a sì wí fún wa pé, “Èyí ni baba ńlá yín gbé lọ sí Kírìjì.” Nígbà náà ni àwa ọmọdé yóò dákẹ́ rọ́rọ́, tí a ó máa na ọwọ́ kàn án lọ́kọ̀ọ̀kan, bí ẹni pé ooru ogun ṣì wà lára irin náà.

Ẹ̀yin tí ẹ ti ka ìtàn ilẹ̀ Yorùbá mọ ogun Kírìjì. Láàárín àwọn ará Ìbàdàn àti àwọn Èkìtìparapọ̀, tí àwọn Ìjẹ̀ṣà wà lára wọn, ni a ti jà á. Ní 1878 ogun náà ti gbóná. Ní 1886 a fọwọ́ sí ìwé àlàáfíà, ṣùgbọ́n ó di 1893 kí àwọn àgọ́ ogun tó tú ká pátápátá. Ìró ìbọn tí ń dún láàárín àwọn òkè ni a fi sọ ogun náà ní orúkọ. Ọ̀gẹ́dẹ̀ńgbé ará Iléṣà ni olórí ogun Èkìtìparapọ̀. Látòósà, Ààrẹ Ọ̀nà Kakaǹfò, tí ó ṣáájú àwọn ará Ìbàdàn, kú sí àgọ́ ní 1885. Ìtàn fi yé wa pẹ̀lú pé àwọn ọmọ Èkìtì àti Ìjẹ̀ṣà tí ń bẹ ní Èkó ran àwọn ará ilé lọ́wọ́ láti rí ìbọn tuntun rà, irú èyí tí a ń ti ọta bọ̀ láti ìdí, tí ó sì yá lọ́wọ́ ju èyí tí a ń ki ẹ̀tù sí láti ẹnu lọ.

Láti ìdí ni a ń ti ọta bọ ìbọn tiwa náà. Bí a bá tẹ irin kékeré kan tí ó wà lórí rẹ̀, yóò ṣẹ́ ní àárín bí ìgbà tí ènìyàn bá ká orúnkún rẹ̀ kò, ihò méjèèjì yóò sì ṣí sílẹ̀. Lára irin róbótó tí ń dáàbò bo ibi tí ìka ti ń fa ìbọn, a fín 1878 sí i gbangba. Ẹ̀rí wo ni a tún ń wá? Ìtàn wà ní ẹnu, ìbọn wà ní ọwọ́, ọdún wà lára irin.

Nígbà tí ilé-ẹ̀kọ́ wa, tí í ṣe ti ìjọ, pé ọdún 75, a pinnu láti pàtẹ àwọn ohun àtijọ́ ìlú wa fún gbogbo ènìyàn láti wò. Bàbá mi ti kú nígbà náà. Nítorí pé ìwé àṣẹ ìbọn bá olówó rẹ̀ kú, a ti mú un lọ sí ọ̀dọ̀ àwọn ọlọ́pàá. Wọ́n sì ti yọ ohun tí ń gbá ọta kúrò nínú rẹ̀ kí wọ́n tó dá a padà fún wa, tí ó fi jẹ́ pé kò lè yìn mọ́ láéláé. Ẹbí gbà kí a gbé e wá sí àtẹ náà. Èmi ni a ní kí n kọ káàdì tí yóò wà níwájú rẹ̀, mo sì kọ ọ́ pẹ̀lú ayọ̀, ní lẹ́tà gàdàgbà: “Ìbọn tí a fi jà ní Kírìjì, 1878.”

Mo ní kí ọmọbìnrin kan ní kíláàsì kejì, ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ dára fún àwòrán yíyà, wá ya ìbọn náà. Kí ó lè rí i dáadáa, mo tú u sí ọ̀nà mẹ́ta lórí tábìlì: ìdí igi pẹ̀lú ẹ̀rọ rẹ̀, ọ̀pá irin méjèèjì, àti igi kékeré tí ó máa ń wà lábẹ́ ọ̀pá irin. Ọmọ náà yà á títí. Nígbà tí ó ṣe, ó gbé ojú sókè, ó sì wí pé, “Ẹ jọ̀ọ́ sà, bí ó bá jẹ́ ọdún ni 1878 yìí, kí ló dé tí wọ́n kọ ọ́ sí ibi mẹ́ta?”

Mo wò ó. Òtítọ́ ni. Ó wà lára ìdí, ó wà lábẹ́ ọ̀pá irin, ó sì tún wà lára irin inú igi kékeré nì. Kí n tó rí ohun sọ, ọmọ náà tọ́ka sí ìsàlẹ̀ ọ̀pá irin, ó ní, “Àwọn adé kéékèèké wọ̀nyí ńkọ́, sà? Adé ta ni?” Mo dá a lóhùn pé adé ọba Gẹ̀ẹ́sì ni, mo sì ní kí ó máa bá iṣẹ́ rẹ̀ lọ. Ìdáhùn ẹni tí kò mọ̀ ni mo fún un. Ọmọdé gbọ́n, àgbà gbọ́n, ni a fi dá Ilé-Ifẹ̀. Ṣùgbọ́n ní ọjọ́ náà, ọmọdé nìkan ni ó gbọ́n.

Ní alẹ́ ọjọ́ náà, mo gbé ìbọn náà lọ sí ilé. Mo tan fìtílà, mo mú gíláàsì tí ń sọ ohun kékeré di ńlá, mo sì jókòó tì í. Ìbéèrè àkọ́kọ́ ni mo kọ́kọ́ yanjú, nítorí pé òun ni ó rọrùn jù. Láàárín àwọn alágbẹ̀dẹ ìbọn nílùú òyìnbó, ẹni tí ń ṣe ọ̀pá irin a máa yàtọ̀ sí ẹni tí ń gbẹ́ ìdí igi, àwọn méjèèjì a sì máa yàtọ̀ sí ẹni tí ń ṣe ẹ̀rọ inú rẹ̀. Kí ọ̀pá ìbọn kan má bàa lọ bá ìdí ìbọn mìíràn, nọ́ḿbà kan náà ni a ń fín sí ara gbogbo wọn, gẹ́gẹ́ bí a ti ń kọ nọ́ḿbà sí aṣọ àwọn ọmọ tí ń gbé inú ọgbà ilé-ẹ̀kọ́ kí ti ọmọ kan má bàa di ti ẹlòmíràn. Èyí tí ó ṣáájú rẹ̀ lè jẹ́ 1877, èyí tí ó tẹ̀lé e sì lè jẹ́ 1879, bí a tilẹ̀ ṣe àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ní ọ̀sẹ̀ kan náà. Ọdún tí a fi ń búra láti ọjọ́ yìí kì í ṣe ọdún rárá.

Bí a bá mọ ẹni tí ó ṣe ìbọn, tí ìwé àkọsílẹ̀ rẹ̀ kò sì tíì sọnù, irú nọ́ḿbà bẹ́ẹ̀ lè mú wa dé ọjọ́ tí a tà á. Ṣùgbọ́n lára ìbọn tiwa, ibi tí orúkọ máa ń wà láàárín ọ̀pá irin méjèèjì ti dán borokoto; òróró àti àkísà ọdún pípẹ́ ti nù ún tán. Bí orúkọ bá sì tilẹ̀ wà níbẹ̀, ó lè jẹ́ ti oníṣòwò tí ó tà á, kí ó má jẹ́ ti ẹni tí ó rọ ọ́.

Nígbà náà ni mo kọjú sí àwọn adé. Lábẹ́ ọ̀pá irin kọ̀ọ̀kan, ní ibi pẹrẹsẹ tí ìdí ìbọn máa ń bò mọ́lẹ̀, adé mẹ́ta wà. Lábẹ́ adé kìn-ín-ní ni BP wà, lábẹ́ èkejì ni BV, lábẹ́ ẹ̀kẹta ni NP. Ó gbà mí ní alẹ́ méjì àti àtẹ àwọn àmì ìdánwò kí n tó lè kà wọ́n.

Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, òfin kò gbà kí ẹnikẹ́ni ta ìbọn tí a kò dán wò. Ẹgbẹ́ àwọn aṣe-ìbọn ti Lọ́ńdọ̀nù gba ìwé àṣẹ ọba ní 1637. Ilé Ìdánwò Ìbọn ti Birmingham ni a sì fi òfin dá sílẹ̀ ní 1813, ó sì wà ní òpópó Banbury títí di òní. Iṣẹ́ tí a ń ṣe níbẹ̀ kò ṣòro láti yé ni. Wọn a ki ẹ̀tù tí ó pọ̀ ju èyí tí ọdẹ yóò lò lọ sínú ìbọn, wọn a dè é mọ́lẹ̀ ní ibi tí ènìyàn kò sí, wọn a sì yìn ín. Èyí tí yóò fọ́, níbẹ̀ ni yóò fọ́ sí, kì í ṣe ní ojú ọdẹ. Èyí tí ó bá yè é, wọn a yẹ̀ ẹ́ wò tinú tẹ̀yìn, wọn a sì tẹ àmì sí i lára. BP jẹ́ àmì pé a ti yìn ín ní Birmingham. BV, pé a ti yẹ̀ ẹ́ wò níbẹ̀. NP, pé a ti fi ẹ̀tù ìgbàlódé tí kì í rú èéfín dán an wò.

Bí ó bá ṣe pé ní Lọ́ńdọ̀nù ni a ti dán an wò, à bá rí G àti P tí a lọ́ mọ́ ara wọn lábẹ́ adé. Bí ó bá ṣe pé ní Liège ni, ní ilẹ̀ Bẹ́ljíọ̀mù, níbi tí ilé ìdánwò ti wà láti 1672, à bá rí lẹ́tà E, L àti G nínú àmì róbótó gígùn bí ẹyin. Nítorínáà mo mọ ibi tí ìbọn wa ti kọjá. Èmi kò wí pé mo mọ ilé tí a ti rọ ọ́, nítorí pé àwọn aṣe-ìbọn láti ìlú mìíràn pẹ̀lú a máa fi tiwọn ránṣẹ́ sí Birmingham fún ìdánwò. Ohun tí àmì sọ ni kí a gbà, kí a má ṣe fi kún un.

Ṣùgbọ́n ìgbà wo ni? Níhìn-ín ni ọkàn mi ti bẹ̀rẹ̀ sí í dàrú. Láti 1813 títí di 1904, àmì ìdánwò ti Birmingham kì í ṣe adé lórí BP. Ọ̀pá àṣẹ ọba méjì tí a gbé dábùú ara wọn ni, adé wà lókè wọn, lẹ́tà B, C àti P sì wà ní àwọn àlàfo tí ó yí wọn ká. Ní 1904 ni a pa àmì yìí tì, tí a sì fi àwọn adé tí ó wà lára ìbọn wa rọ́pò rẹ̀.

Mo ka ọ̀rọ̀ yìí lẹ́ẹ̀mẹta. 1904! Ogun ti parí. Ọmọ tí a bí ní ọdún tí àgọ́ Kírìjì tú ká ti di ọmọ ọdún 11.

Síbẹ̀síbẹ̀, èmi kò tíì fẹ́ gbà. Mo kà pé a lè gbé ìbọn àtijọ́ padà lọ fún ìdánwò tuntun, àti pé nígbà tí ẹ̀tù aláìléèéfín dé, àwọn kan ṣe bẹ́ẹ̀. Irú ìbọn bẹ́ẹ̀ a ní àmì tuntun, ṣùgbọ́n àmì àtijọ́ a máa wà lára rẹ̀ pẹ̀lú. Nítorínáà mo fi gíláàsì wá àwọn ọ̀pá àṣẹ méjì nì kiri, bí obìnrin tí owó rẹ̀ bọ́ sínú iyanrìn. Mo wá a lábẹ́, mo wá a lẹ́gbẹ̀ẹ́, mo fi igi tín-ín-rín yọ ìdọ̀tí ọjọ́ pípẹ́ kúrò nínú gbogbo kọ̀rọ̀ rẹ̀. Kí n má purọ́ fún yín, mo gbàdúrà kí n rí i. Èmi kò rí i.

Àmì mìíràn ni mo rí. Ọ̀kan dà bí dáyámọ́ńdì, 12 àti C sì wà nínú rẹ̀. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ ni 13 wà. Ẹ̀yin ọmọ ilé-ẹ̀kọ́, ẹ má ṣe rò pé ínǹṣì ni. Bí a bá fi òjé tí ìwọ̀n rẹ̀ jẹ́ pọ́n-ùn kan ṣe ọta róbótó 12 tí ó dọ́gba, ìbú ọ̀kan nínú wọn ni ìbú ihò ìbọn tí a ń pè ní 12. Ìdí rẹ̀ nìyí tí ihò ìbọn 20 fi kéré ju ti ìbọn 12 lọ, tí 13 sì fi fi hàn pé inú ọ̀pá tiwa fún díẹ̀ ju ìwọ̀n 12 gan-an. Láti 1925 lọ, ọ̀nà ìkọ̀wé yìí yí padà: ilé ìdánwò bẹ̀rẹ̀ sí í kọ ìbú ihò ní ìdá ínǹṣì, bí .729, wọ́n sì ń kọ gígùn ibi tí ọta ń wọ̀ pẹ̀lú. Kò sí èyíkéyìí nínú wọn lára ìbọn wa. Ó kù sí àárín ògiri méjì: kò ṣáájú 1904, kò sì kẹ́yìn ìyípadà ti 1925.

Nígbà tí ojú mi là tán, mo rí àwọn ohun mìíràn tí ó yẹ kí n ti rí tipẹ́. Inú ọ̀pá ìbọn wa jọ̀lọ̀, fún ọta wẹ́wẹ́ tí a fi ń pa ẹran. Bẹ́ẹ̀ ni inú ọ̀pá àwọn ìbọn ológun tí a ń ti ọta bọ̀ láti ìdí ní ayé Kírìjì ní ìlà yíyí tí ń mú ọta kan ṣoṣo fò tààrà. Lẹ́yìn èyí, kò sí òòlù kankan ní òde ara ìbọn wa; inú ni ẹ̀rọ rẹ̀ pamọ́ sí. Ní 1875 ni Anson àti Deeley gba ìwé ẹ̀tọ́ lórí irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ ní Birmingham. Ní 1878, ohun tuntun fún àwọn ọlọ́lá òyìnbó ni. Ọ̀nà wo ni ọ̀dọ́mọkùnrin àgbẹ̀ kan ní ilẹ̀ Ìjẹ̀ṣà yóò gbà rí i?

Mo jókòó títí àkùkọ fi kọ. Mo ronú nípa Birmingham àti etíkun wa. Láti ìgbà òwò ẹrú ni àwọn alágbẹ̀dẹ ìlú náà ti ń rọ ìbọn fún ilẹ̀ wa. Irú ìbọn bẹ́ẹ̀ ni a fi mú púpọ̀ nínú àwọn ènìyàn wa, irú rẹ̀ náà sì wà lára ohun tí a fi ra wọ́n. Ìbọn tiwa kò bá èyí dé. Ní 1890 àwọn ìjọba òyìnbó ṣe àdéhùn ní Brussels láti dí ọ̀nà àwọn ìbọn ìgbàlódé wọ Afíríkà. Lẹ́yìn rẹ̀, aláwọ̀ dúdú tí ó bá fẹ́ irú ìbọn yìí ní láti kọ́kọ́ gba àṣẹ. Ìbọn tí mo fi yangàn gẹ́gẹ́ bí ohun ogun jẹ́ ohun tí a fi ìwé rà.

Ọjọ́ mẹ́ta ni ó kù kí a ṣí àtẹ náà. Ọkàn kan wí fún mi pé: ta ni yóò mọ̀? Ta ni yóò tú ìbọn láti wo abẹ́ rẹ̀? Bàbá rẹ ti sùn. Ṣé ìwọ ni yóò jí òkú rẹ̀ láti já a nírọ́? Ọkàn kejì sì wí pé: ọmọbìnrin nì yóò mọ̀. Bí kò bá mọ̀ lónìí, yóò mọ̀ lọ́la, nítorí pé ẹni tí ó bèèrè ìdí tí nọ́ḿbà fi wà ní ibi mẹ́ta kò ní ṣàìbèèrè ìyókù. Ní ọjọ́ náà, kí ni yóò rò nípa gbogbo ìtàn yòókù tí mo ti kọ́ ọ?

Ṣùgbọ́n ìbọn náà kì í ṣe tèmi nìkan. Mo dìde, mo lọ sí ọ̀dọ̀ àbúrò bàbá mi obìnrin, ẹni tí gbogbo wa ń pè ní Màmá. Òun nìkan ni ó kù nínú àwọn ọmọ bàbá àgbà mi, ó sì ti lé ní ọdún 85. Mo dọ̀bálẹ̀, mo kí i. Ó ní kí n jókòó.

“Màmá,” ni mo wí, “ọ̀rọ̀ ìbọn ni mo bá wá.”

“Kí ló ṣe ìbọn? Wọ́n jí i?”

“Wọn kò jí i, mà. Mo wo àmì tí ó wà lábẹ́ rẹ̀ ni. Àmì náà fi hàn pé a kò tíì ṣe ìbọn yẹn nígbà tí wọ́n ń ja Kírìjì.”

Ó bọ́ awò ojú rẹ̀, ó fi etí aṣọ rẹ̀ nù ún, ó tún un fi sójú. “Ṣé irin ni ó sọ bẹ́ẹ̀ fún ọ?”

“Irin ni, mà.”

“Irin sọ̀rọ̀, bàbá rẹ sọ̀rọ̀, ti irin ni o wá gbà gbọ́.”

Èmi kò mọ ohun tí n óò wí. Mo dojú bolẹ̀. A jókòó bẹ́ẹ̀ fún ìgbà díẹ̀, a ń gbọ́ ìró ọlọ ní ẹ̀yìnkùlé. Nígbà tí ó ṣe, ó wí pé, “Baba àgbà wa lọ sí Kírìjì o. Àpá ọta wà ní itan rẹ̀. Bàbá mi fi ojú ara rẹ̀ rí i. Má ṣe jẹ́ kí irin gba ìyẹn lọ́wọ́ wa.”

“N kò jẹ́ ṣe bẹ́ẹ̀, Màmá.”

“Ìbọn tí ó gbé lọ kì í ṣe ẹlẹ́nu méjì. Bàbá mi sọ fún mi pé ẹnu kan ni ó ní, ó sì gùn. Ìpẹtà ni ó jẹ ẹ́. Wọ́n ní alágbẹ̀dẹ fi irin rẹ̀ rọ ọkọ́. Èyí tí ẹ fi kọ́ sókè ilẹ̀kùn yìí, bàbá mi ni ó rà á nígbà tí owó kòkó dé, nítorí túùkú tí ń wú ẹ̀gẹ́ wa ní oko. Èmi gan-an ni mo máa ń gbé àpò ọta tẹ̀lé e.”

Ẹnu yà mí. “Màmá, kí ló dé tí ẹ kò sọ ọ́ láti ọjọ́ yìí?”

“Ta ni ó bi mí?” ni ó dáhùn. “Ẹ̀gbọ́n mi ni ó ń pa ìtàn ní ọjọ́ Kérésìmesì. Ṣé èmi ni n óò já a nírọ́ níwájú àwọn ọmọ rẹ̀?”

Ẹ̀yin òǹkàwé, ẹ ó rí i pé ọ̀rọ̀ Màmá pẹ̀lú kò ní àmì tí mo lè fi gíláàsì wò. Mo gbà á gbọ́, nítorí pé ó bá ohun tí irin sọ mu, àti nítorí pé òun fúnra rẹ̀ gbé àpò ọta. Ṣùgbọ́n mo gba bàbá mi gbọ́ pẹ̀lú rí. Nítorínáà, nígbà tí mo ya káàdì àkọ́kọ́, tí mo sì kọ òmíràn, mo ya ohun tí irin sọ sọ́tọ̀ kúrò lára ohun tí ẹnu sọ. Báyìí ni mo kọ ọ́: “Ìbọn ẹlẹ́nu méjì. A dán an wò ní Birmingham ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì láàárín 1904 àti 1925, gẹ́gẹ́ bí àmì ara rẹ̀ ti fi hàn. Ọmọ ẹni tí ó rà á jẹ́rìí pé owó kòkó ni a fi rà á, oko ni a sì fi ṣọ́. A gbọ́ lẹ́nu ẹbí pé baba ẹni tí ó rà á lọ sí ogun Kírìjì. Ìbọn tí ó gbé lọ kò sí mọ́.”

Ní ọjọ́ tí a ṣí àtẹ náà, ẹ̀gbọ́n mi kan nínú ẹbí ka káàdì náà dé òpin, ó wò mí, ó sì jáde. Títí di bí mo ti ń kọ̀wé yìí, ìkíni àárín wa kò tíì rí bí ó ti rí tẹ́lẹ̀. Ó sọ fún àwọn ẹlòmíràn pé mo ta ògo ilé wa fún ìwé òyìnbó. Ọ̀rọ̀ náà dùn mí, n kò sì rí èsì tí ó kúrú fún un. Ṣùgbọ́n Màmá wá. A gbé àga fún un lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìbọn, ó sì ń sọ fún àwọn ọmọ bí túùkú ti ń wá ní òru, bí bàbá rẹ̀ ti máa ń lúgọ lẹ́yìn igi kòkó, àti bí òun ti ń fi ọwọ́ di etí. Ọmọbìnrin tí ó ya àwòrán mú àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ wá, ó ń fi adé mẹ́tẹ̀ẹ̀ta hàn wọ́n, ó sì ń bi wọ́n léèrè bí wọ́n bá mọ ìdí tí 1878 kì í fi í ṣe ọdún.

Bí ohun àtijọ́ irú èyí bá wà ní ilé yín, ẹ gba ìmọ̀ràn mi. Ẹ kọ́kọ́ rí i dájú pé kò sí ọta nínú rẹ̀, kí ẹ sì fi í sí ọ̀nà òfin. Ẹ má ṣe yìn ín láti fi mọ̀ bí ó ṣì dára, nítorí pé ìdánwò àtijọ́ kò dúró fún irin tí ìpẹtà ti jẹ. Ẹ má ṣe fi pépà-iyanrìn ha á kí ó lè dán, nítorí pé àmì ni ẹ óò ha dànù. Ẹ da gbogbo àmì rẹ̀ kọ sórí ìwé bí ẹ ti rí i, èyí tí ó yé yín àti èyí tí kò yé yín. Ẹ wo ohun tí ó yẹ kí ó wà níbẹ̀ tí kò sí, nítorí pé àìsí àmì pẹ̀lú a máa jẹ́rìí. Lẹ́yìn náà, ẹ lọ bi àwọn àgbà léèrè, kí ẹ sì tètè lọ, kí wọ́n tó di ẹni tí a kò lè bi mọ́.

Ìbọn tí a kò dán wò a máa fọ́ mọ́ ẹni tí ó gbé e lójú, kì í sì í ṣe ẹni tí ó rọ ọ́ ni ó ń pa lára. Bẹ́ẹ̀ gẹ́gẹ́ ni ìtàn tí a gbé lé ọmọ lọ́wọ́ láìdán an wò. Bàbá mi fẹ́ràn wa, ó sì fún wa ní ohun tí a fi fún òun. Èmi pẹ̀lú fẹ́ràn rẹ̀. Nítorí èyí ni mo ṣe dán ohun tí ó fi sílẹ̀ wò, kí ó tó di pé ó fọ́ ní ọwọ́ àwọn ọmọ tí ń bọ̀ lẹ́yìn mi. Ìbọn náà ti padà sórí ìṣó rẹ̀ méjèèjì. Ní ọjọ́ kejì Kérésìmesì tí ó kọjá, èmi ni mo gbé e sọ̀kalẹ̀ tí mo sì fi òróró nù ún; Màmá ni ó sì pa ìtàn.